Ààbọ̀ Iyán Tí Ọ̀kadà Ń Gbé Padà

Rẹ̀bẹ́kà Àṣàkẹ́ Oyèdélé ni orúkọ rẹ̀. Ẹni ọdún mẹ́tàlélọ́gọ́rin ni. Ọmọ Oyèdélé àgbẹ̀ ni, ọmọ ọmọ Ọlátúnjí tí ó kọ́kọ́ gbin kòkó nínú ìdílé wa, láti agboolé Alágbẹ̀dẹ ní Ìlá Ọ̀ràngún. Aránṣọ ni kí ojú rẹ̀ tó di bàìbàì. Ẹ̀gbọ́n mi ni, ọmọ ìyá mi, ọmọ bàbá mi. Ọdún méje ni ó fi jù mí lọ.

Bí wọ́n ti kọ́ wa ní kọ́lẹ́ẹ̀jì àwọn olùkọ́ láti máa kọ orúkọ ọmọ sínú rẹ́jísítà nìyẹn: orúkọ ní ẹ̀kúnrẹ́rẹ́, ọjọ́ orí, ìdílé. Ọdún márùndínlógójì ni mo fi kọ ọ́ bẹ́ẹ̀, tí n kò sì da yíǹkì sójú ìwé rí. Òpó kan ṣoṣo ló kù ní apá ọ̀tún ojú ìwé náà. Èmi yóò kọ ọ́ nígbà tí mo bá dé ibẹ̀.

Nípa ìrìn-àjò náà fúnra rẹ̀, n kò ní sọ púpọ̀. Mo sùn lójú òfuurufú, mo sì jí sí ibi tí ìkùukùu ti ń rìn nílẹ̀ bí ènìyàn. Fọlákẹ́, ọmọ mi obìnrin, tí ó jẹ́ nọ́ọ̀sì ní ìlú kan ní àríwá ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ni ó ní kí n wá bá òun tọ́jú Tiwalọlá, ọmọ rẹ̀, nítorí pé iṣẹ́ ilé ìwòsàn kò mọ ọ̀sán yàtọ̀ sí òru. Ẹni ọdún mẹ́tàléláàádọ́rin ni mí nígbà náà. Mo ti gbà pé ìrìn-àjò mi ti parí, àfi èyí tí a kì í ti ibẹ̀ bọ̀.

Ẹ̀gbọ́n mi kò fẹ́ kí n lọ. Láti ìgbà tí ọkọ tirẹ̀ àti tèmi ti kú, inú abọ́ kan ni àwa méjèèjì ti ń jẹun ní ìrọ̀lẹ́, ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé bàbá wa, tí a ń wo àwọn tí ń ti oko àti ọjà bọ̀. Mo ro gbólóhùn tí mo fẹ́ sọ fún ọjọ́ mẹ́ta kí n tó lè sọ ọ́.

Ó gbọ́ ọ tán, ó ní, “Ta ni yóò máa bá mi jẹun?”

“Ẹ̀gbọ́n mi, oṣù mẹ́fà péré ni.”

“Oṣù mẹ́fà àwọn tó lọ sí òkè òkun kì í tán,” ni ó wí. Ó sì fa abọ́ náà sọ́dọ̀ ara rẹ̀. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, fún ìgbà àkọ́kọ́ láti kékeré wa, kò ṣẹ́ nǹkan kan kù fún mi. Ó jẹ iyán náà dé ìsàlẹ̀, ó fi ìka nu ọbẹ̀, ó sì dìde.

Kí ẹni tí ń ka ìwé yìí lè mọ ohun tí mo ń sọ, ẹ̀gbọ́n mi ni ó fi ilé ìwé sílẹ̀ ní kíláàsì kejì kí owó lè tó fún mi. Nígbà tí mo di tíṣà ní Ìgbájọ, tí àwọn òkè yí mi ká tí n kò sì mọ ẹnikẹ́ni, ọwọ́ awakọ̀ ni ó máa ń fi oúnjẹ rán sí mi, a ó sì gbọ́ iṣẹ́ tí ó rán tẹ̀lé e: “Ẹ̀gbọ́n rẹ ní kí o jẹ ẹ́ kí ó tó tutù.” Ọwọ́ rẹ̀ ni mo ti jẹun di olùkọ́ àgbà.

Ní oṣù tí mo dé ibí, mo ń pè é lójoojúmọ́. Fóònù kékeré oníbọ́tìnnì ni ó ní. Yóò gbé e. Yóò sọ gbólóhùn mẹ́ta, kò ní dín, kò ní lé.

“Mo wà. Mo ti jẹun. Ó dàbọ̀.”

Yóò sì pa fóònù.

*

Ọjọ́rú ni mo yàn fún ara mi. Lọ́jọ́ náà, bí Tiwalọlá bá ti wọ ilé ìwé, èmi a wọ ìró àti bùbá mi, èmi a wé gèlè, èmi a wá gbé kóòtù ńlá lé gbogbo rẹ̀, èmi a sì wọ bọ́ọ̀sì lọ sí àárín ìlú. Ilé oúnjẹ kan wà níbẹ̀ tí ó ní fèrèsé gíga. Ìmọ́lẹ̀ tí ó ń tú jáde láti inú rẹ̀ dà bí òróró lójú ọ̀nà tútù.

Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ wọ ibẹ̀, mo dúró lẹ́nu ọ̀nà, mo sì kí gbogbo ilé, bí ọmọlúàbí ti ń ṣe bí ó bá bá ènìyàn nídìí oúnjẹ. Àwọn orí gbé sókè. Àwọn orí sì tún wálẹ̀, sórí fóònù. Mo jókòó. Mo gbé ọwọ́ lé itan, mo ń dúró de ẹni tí yóò wá bi mí pé kí ni kí òun bù.

Ní Ìlá, olóúnjẹ ti rí ọ láti òdì kejì títì. Kí o tó jókòó, ó ti ní, “Ẹ káàbọ̀, Màmá, ṣé ti àná náà ni?” Ó ti mọ̀ pé ata kò bá ọ lára mu. Níbí, kò sẹ́ni tí ó wá. Àwo oúnjẹ ń kọjá lọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, èéfín ń ta lórí rẹ̀, ó ń lọ sí tábìlì àwọn tí n kò gbọ́ kí wọ́n ya ẹnu béèrè ohunkóhun. Ó dà bí àlá tí a ti ń pín nǹkan, tí ó sì jẹ́ pé ìwọ nìkan ni wọn kò rí. Pákó kékeré kan wà lórí tábìlì mi, àmì dúdú àti funfun kún ojú rẹ̀ bí ẹni da kóró ìṣáná sórí ìyẹ̀fun. Mo rò pé ọ̀ṣọ́ ni. Mo gbé báàgì mi lé e.

Ó kù díẹ̀ kí ó pé wákàtí kan kí n tó dìde. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ ilé tí kò fún mi ní nǹkan kan, mo sì jáde. N kò sunkún. Olùkọ́ àgbà kì í sunkún nínú bọ́ọ̀sì.

“Màámi, ẹ gbé báàgì lé orí rẹ̀ kẹ̀?” Fọlákẹ́ fi ọwọ́ bo ẹnu.

“Ta ni ó sọ fún mi pé pákó ni èmi yóò bá sọ̀rọ̀?”

“Ẹ kì í bá a sọ̀rọ̀, mà. Ẹ ó kàn gbé ojú fóònù yín sí i. Òun ni yóò kó gbogbo oúnjẹ tí wọ́n ní jáde fún yín. Ẹ ó mú èyí tó wù yín, ẹ ó san owó níbẹ̀, wọn ó sì gbé e wá.”

“Láì kí ẹnikẹ́ni?”

“Láì kí ẹnikẹ́ni.”

“Ìyẹn kì í ṣe ilé oúnjẹ. Ilé ìfìyà-jẹni ni.”

Tiwalọlá, tí ó jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́jọ, gun orí àga mi. “Gíráńmà, ó rọrùn gan-an. Àní èmi náà mọ̀ ọ́n.” Ọ̀rọ̀ yẹn ni ó dùn mí jù. Mo wá ìwé àjákọ kan, mo fa ìlà sí i, mo sì ní kí wọ́n máa pe ìgbésẹ̀ náà fún mi lọ́kọ̀ọ̀kan bí àpèkọ. Mo kọ ọ́ lẹ́wà. Ọ̀sẹ̀ méjì gbáko ni mo fi ń kà á lórí ibùsùn, kí n tó padà lọ.

Ní Ọjọ́rú tí mo padà lọ, mo jókòó sí tábìlì kan náà. Mo gbé ojú fóònù sí pákó náà, oúnjẹ sì tú jáde nínú gíláàsì, pẹ̀lú àwòrán wọn, bí ẹni ṣí ilẹ̀kùn yàrá ìjẹun ní ilé ọba. Mo yan ẹja àti ọ̀dùnkún. Ó bi mí pé mélòó. Ìka mi tẹ méjì kí n tó ronú. Ní gbogbo ayé mi, n kò ì tíì bu oúnjẹ ẹnì kan ṣoṣo rí.

Ọmọbìnrin tí ó gbé e wá gbé àwo kan síwájú mi, ó sì gbé èkejì síwájú àga òfìfo. Ó bi mí bóyá ẹnì kejì mi ti ń bọ̀. Mo ní ó wà lọ́nà.

Èéfín ń rú láti inú àwo méjèèjì, ó pàdé lókè tábìlì, mo sì ń wo ojú fèrèsé gba inú rẹ̀. Fún ìwọ̀n ìgbà díẹ̀, kì í ṣe títì òyìnbó ni mo ń wò mọ́. Àwọn tí ń ti oko bọ̀ ni mò ń rí, pẹ̀lú igi ìdáná lórí, ọyẹ́ sì ti bo ẹsẹ̀ wọn dé orúnkún.

*

Mo gbọ́dọ̀ sọ òtítọ́ nípa ẹ̀rọ yìí, nítorí pé mo ti bú u tó. Nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, ibikíbi tí mo bá ti la ẹnu béèrè nǹkan, wọn a ní kí n tún un sọ. N ó tún un sọ. Wọn a tún fi etí sílẹ̀ pẹ̀lú àánú. Èmi tí mo ti fi Gẹ̀ẹ́sì kọ́ ìran mẹ́ta! Ṣùgbọ́n fóònù kò ní kí n tún nǹkan kan sọ. Kò gbọ́ ohùn mi, nítorí náà kò lè fi ohùn mi dá mi mọ̀ ní àlejò. Ohun tí mo tẹ̀ ni ó gbé wá. Mo rántí pé mo rìn padà sí ibùdó bọ́ọ̀sì lọ́jọ́ yẹn bí ẹni gba ẹ̀bùn ọjọ́ ìparí ọdún, orí mi sókè, gèlè mi tọ́.

Síbẹ̀, ohun tí kò lè dá mi mọ̀ ní àlejò kò lè dá mi mọ̀ ní ọmọ ilé. Mo ń jẹun ní yàrá tí ó kún fún ènìyàn, kò sì sí ẹni tí ó mọ̀ bí mo jẹ ẹ́ tán tàbí n kò jẹ ẹ́ tán. Mo wá ń ronú nípa ẹ̀gbọ́n mi. “Mo ti jẹun,” ni ó ń wí lójoojúmọ́. Ta ni ó rí i?

*

Fọlákẹ́ ni ó sọ fún mi, bí ẹni ń ṣeré, pé wọ́n ti ń ṣe bẹ́ẹ̀ ní Ìlá náà. Rísíkà, tí ó ní ilé oúnjẹ lọ́nà kọ́lẹ́ẹ̀jì, ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ máa ń kọ̀wé sí lórí fóònù láti ilé tí wọ́n gbà. Wọn a ṣe tiransífà, ọlọ́kadà a sì gbé oúnjẹ lọ bá wọn.

Mo mọ Rísíkà. Mo kọ́ ọ ní kíláàsì kẹrin. Gúgúrú ni ó máa ń tà lábẹ́ tábìlì nígbà ìṣirò, mo sì nà án nítorí rẹ̀. Nígbà tí mo pè é, ẹ̀rín ni ó fi gbà mí.

“Àlàmùdùlílàhì! Màmá Tíṣà! Ẹ̀yin tí ẹ nà mí nítorí gúgúrú, ẹ̀yin náà lẹ wá di oníbàárà mi!”

“Ìṣirò ni mo nà ọ́ fún. Ṣé o ti mọ̀ ọ́n báyìí?”

“Mà, ẹ ṣe tiransífà yín, ẹ ó rí i bóyá mo mọ̀ ọ́n.”

Nígbà tí ẹ̀rín tán, ó rẹ ohùn sílẹ̀. Ó ní òun máa ń gba iwájú ilé wa kọjá. Ó ní ẹ̀gbọ́n mi ti rù. Ó ní òun kì í rí èéfín mọ́ ní ẹ̀yìnkùlé.

Báyìí ni mo ṣe bẹ̀rẹ̀. Lójoojúmọ́, nígbà tí oòrùn Ìlá bá ń rọlẹ̀, èmi a jókòó ní ìdí fèrèsé yàrá mi, èmi a tẹ ohun tí ẹ̀gbọ́n mi yóò jẹ, èmi a sì sanwó. Kí n tó po tíì mi tán, iyán ti gbéra lọ́nà kọ́lẹ́ẹ̀jì, nínú kúlà aláwọ̀ ewé, lẹ́yìn ọ̀kadà Bàbá Sẹ́fíù. Bàbá Sẹ́fíù jẹ́ àgbàlagbà tí ó ti ń wa ọ̀kadà láti ìgbà tí mo wà lẹ́nu iṣẹ́. Nítorí pé Rísíkà kò fi kúlà rẹ̀ ṣeré, ó máa ń dúró lábẹ́ igi máńgòrò iwájú ilé títí ẹ̀gbọ́n mi yóò fi jẹun tán, kí ó lè gbé e padà.

Bí mo bá pa ojú dé, mo lè bá ọ̀kadà náà lọ. Mo mọ gbogbo kòtò tó wà lọ́nà náà. Mo ń rí i tí ó ń yà sí agboolé wa, tí àwọn adìẹ ń tú ká.

Ọjọ́ kejì ni Rísíkà kọ̀wé sí mi: “Màmá, wọ́n gbà á o. Ṣùgbọ́n wọn ò jẹ ẹ́ tán. Ààbọ̀ ni Bàbá Sẹ́fíù gbé padà.” Ọjọ́ kẹta, ààbọ̀. Ọjọ́ kẹrin, ààbọ̀. Ẹran tí ó tóbi jù sì wà níbẹ̀ lódidi, wọn kò fọwọ́ kàn án.

Ọkàn mi bàjẹ́. Mo ka ààbọ̀ yẹn bí lẹ́tà: ó ń jẹ èyí tí ebi fipá mú un jẹ, ó sì ń dá èyí tó kù padà fún mi kí n mọ̀ pé òun kò tíì dárí jì mí. Mo pè é. “Ẹ̀gbọ́n mi, ṣé oúnjẹ náà kò dára ni?” Ó ní, “Mo wà. Mo ti jẹun. Ó dàbọ̀.”

Mo yí i padà. Mo ní kí wọ́n gbé ìrẹsì lọ: ààbọ̀. Mọ́ínmọ́ín mẹ́rin: méjì padà. Mo padà sí iyán. Níkẹyìn, ìgbéraga mi wá ẹni tí yóò dá lẹ́bi, mo sì kọ̀wé sí Rísíkà ní ọ̀nà tí a ń gbà kọ ọ́ sí òṣìṣẹ́ tó kù díẹ̀ káàtó: “Sí Rísíkà. Mo kí ọ. Ó hàn gbangba pé ọbẹ̀ rẹ kò dé ojú ìwọ̀n. Mo retí pé kí o dín iyọ̀ kù, kí o sì tún iyán náà gún dáadáa. Èmi ni, olùkọ́ rẹ.”

Èsì rẹ̀ pẹ́ kí ó tó dé. “Màmá, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń fi ìka lá àwo mi. Ẹ̀yin lẹ kọ́ wa pé kí a má ṣe dáhùn ìbéèrè tí a kò kà. Ẹ jẹ́ kí n lọ bi wọ́n fúnra mi.”

*

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì, fóònù mi dún. Ìkùukùu ti bo ojú fèrèsé débi pé ilé òdì kejì ti parẹ́. Rísíkà ni. Ó ti fi ṣọ́ọ̀bù sílẹ̀, ó gun ẹ̀yìn Bàbá Sẹ́fíù, ó sì ti wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ wa. Ó ṣí fóònù sílẹ̀ kí n lè máa gbọ́. Mo gbọ́ adìẹ. Mo gbọ́ ìdérí kúlà. Mo wá gbọ́ ohùn ẹ̀gbọ́n mi, ní Ìgbómìnà ilé wa tí èmi ti fi Yorùbá inú ìwé pa mọ́ láti ọjọ́ pípẹ́. Mo kọ ọ́ síhìn-ín bí mo ti lè kọ ọ́.

“Mo ti ṣe tán,” ni ó ń wí. “Bàbá Sẹ́fíù, gbé e lọ. Kí o sì rí i pé ó tètè dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ kí ó tó tutù.”

“Ọ̀dọ̀ ta ni, Màmá?” ni Rísíkà béèrè. “Ọ̀dọ̀ mi?”

“Kí ni tìrẹ níbẹ̀? Ìwọ kọ́ lo sè é ni? Àbúrò mi ni mò ń sọ.”

“Màmá, ìlú òyìnbó ni àbúrò yín wà o!”

“Ṣé mo ní n kò mọ̀ ni?” Ohùn rẹ̀ le. “Bí ó bá lè jókòó sí ìlú òyìnbó kí ó ti ibẹ̀ gbé iyán gbígbóná wá síwájú mi, kí ni yóò dí tirẹ̀ lọ́wọ́ láti gba ọ̀nà kan náà padà? Èmi ni ẹ̀gbọ́n. Àgbà tó bá jẹ àjẹìwẹ̀yìn ni yóò ru igbá rẹ̀ délé. Láti ọjọ́ tí mo ti gbọ́njú ni mo ti ń ṣẹ́ ẹ kù fún un. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni n kò ṣẹ́ ẹ kù. Ó ti ń dùn mí láti ìgbà náà.”

Adìẹ kan ké.

“Bàbá Sẹ́fíù,” ni Rísíkà wí, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, “níbo ni ẹ máa ń gbé ààbọ̀ yẹn lọ? Ṣebí ẹ ní kí n má fi ṣòfò, pé ẹ ó rí ẹni fún?”

Mo gbọ́ tí ọkùnrin náà ń wú ikọ́. “Hàjíà, mo rò pé èyí tó ṣẹ́kù ni. Èmi ni mò ń jẹ ẹ́. Ẹ ṣe sùúrù.”

“Ìwọ lò ń jẹ oúnjẹ àbúrò mi?” ni ẹ̀gbọ́n mi kígbe. “Abájọ tí ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ fi ń dán!”

Ẹ̀rín bú lọ́dọ̀ọ wọn. Èmi kò lè rín in. Mo fi ọwọ́ di ètè fèrèsé mú. Èmi tí mo ti kọ́ ọmọ bí a ti ń ka gbogbo ìwé, n kò lè ka ààbọ̀ iyán tí ẹ̀gbọ́n mi ń kọ sí mi lójoojúmọ́. Ó ti dárí jì mí láti ọjọ́ àkọ́kọ́ tí ọ̀kadà yà sí iwájú ilé. Ó ń ti abọ́ sọ́dọ̀ mi, bí ó ti ń ṣe láti kékeré. Èmi ni mo ti gbàgbé pé kí n na ọwọ́.

Bóyá ó gbàgbọ́ lóòótọ́ pé oúnjẹ náà ń dé ọ̀dọ̀ mi, bóyá ó kàn mọ̀ pé mo máa gbọ́, n kò bi í, n kò sì ní bi í láéláé.

“Ẹ̀gbọ́n mi,” ni mo wí.

“Hẹ̀n? O wà níbẹ̀?” Lẹ́yìn náà, kì í ṣe gbólóhùn mẹ́ta. “Kí ni o jẹ lónìí?”

“Ẹja àti ọ̀dùnkún, mà.”

“Ìyẹn ni oúnjẹ? Fọlákẹ́ ńkọ́? Ọmọ rẹ̀ ńkọ́? Ṣé o ń wọ ìbọ̀sẹ̀?” Ó ń béèrè, omi ojú mi sì ń ṣàn sórí kóòtù tí n kò tíì bọ́.

Rísíkà ní kí a tan àwòrán kí a lè rí ojú ara wa. Ẹ̀gbọ́n mi kọ̀. “N kò fẹ́ rí i nínú gíláàsì. Bí ó bá fẹ́ rí mi, ó mọ ọ̀nà.”

*

Ẹ̀gbọ́n mi fúnra rẹ̀ ni ó ṣe òfin tí a ń tẹ̀lé títí di òní. Bàbá Sẹ́fíù kò dúró lábẹ́ igi máńgòrò mọ́. Ó ń jókòó ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, lórí àpótí tí èmi máa ń jókòó lé, òun ni ó sì ń jẹ ìpín mi nítorí mi. Ṣùgbọ́n ó gbọ́dọ̀ dárúkọ ẹni tó ni ín kí ó tó fọwọ́ kàn án. “Ti Màmá Tíṣà nìyí o. Bísímílà.” Bí ó bá gbàgbé, ẹ̀gbọ́n mi yóò fa kúlà náà padà. Rísíkà ní lọ́jọ́ kan ó fà á padà lẹ́ẹ̀mejì, wọ́n sì jọ rẹ́rìn-ín títí iyán fi tutù. Ó ní ara ẹ̀gbọ́n mi ti ń padà bọ̀.

N kò purọ́, mo jowú àpótí yẹn. Ohun tí fóònù lè gbé dé ọ̀dẹ̀dẹ̀ wa pọ̀: iyán, ọbẹ̀, ẹran, owó. Ara tí yóò jókòó ni kò lè gbé. Ẹlòmíràn ni ó ń bá mi jókòó níbẹ̀.

Ní Ọjọ́rú, tí ó jẹ́ pé ọ̀sán ni mo ti ń fi iyán ẹ̀gbọ́n mi ránṣẹ́, mo ṣì ń lọ sí ilé oúnjẹ onífèrèsé gíga. Ọmọbìnrin tí ó ń gbé oúnjẹ ti mọ̀ mí báyìí. Bí mo bá tẹ méjì, kò béèrè ẹnì kejì mọ́, ó kàn ń fa àga rẹ̀ sẹ́yìn díẹ̀ kí ó lè rọrùn fún un láti jókòó. N kì í fọwọ́ kan fọ́ọ̀kì. Àbúrò kì í ṣáájú ẹ̀gbọ́n. Mo ń wo èéfín títí fóònù yóò fi tàn lórí tábìlì, tí iṣẹ́ Rísíkà yóò sì wọlé: “Wọ́n ti jẹun, Màmá. Ó kù sí yín lọ́wọ́.” Nígbà náà ni mo tó jẹun.

Ọdún mẹ́ta ti kọjá, Tiwalọlá yóò sì wọ ilé ìwé girama láìpẹ́. Ó lè dé ilé fúnra rẹ̀. Mo ti sọ fún Fọlákẹ́, ó sì ti sunkún, ó sì ti gbà. Ní òwúrọ̀ yìí, mo fi ìka kan náà tí mo fi ń mú ẹja àti ọ̀dùnkún mú ìjókòó kan nínú ọkọ̀ òfuurufú, mo sì sanwó rẹ̀ láì kí ẹnikẹ́ni. Fún ìgbà àkọ́kọ́, fóònù náà bi mí pé mélòó, ìka mi sì tẹ ọ̀kan. N kò tíì sọ fún ẹ̀gbọ́n mi. Àpótí náà ni yóò kọ́kọ́ mọ̀.

Ó ku òpó kan tí n kò tíì kọ.

Rẹ̀bẹ́kà Àṣàkẹ́ Oyèdélé. Ẹni ọdún mẹ́tàléláàádọ́rin ni èmi nígbà náà, ẹni ọgọ́rin ni òun. Òwúrọ̀ ni, ìrì kò tíì gbẹ lára igi máńgòrò. Ó kọ ẹ̀yìn sí mi ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó ń fọ abọ́ wa tí ó ti mọ́ tẹ́lẹ̀, kò sì wo ẹ̀yìn nígbà tí mo ní ó dàbọ̀. Ọjọ́ tí mo rí i kẹ́yìn: Ọjọ́rú, ọjọ́ kẹrìnlá, oṣù Kẹsàn-án, ọdún ẹgbàá ó lé méjìlélógún.